Ọjọ́ Ìgbòmìnira Kì Í Ṣe Òpin Iṣẹ́ Kíkọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ṣòkòtò tí ń ṣiṣẹ́ àrán, oko ní í gbé. Ìtumọ̀ òwe yìí kò ṣókùnkùn sí ọmọ Yorùbá: ohun tí ń mú owó àti iyì wá kì í sábà wà lójú agbo, ibi tí kò sí ariwo ni a ti ń bá a. Ṣùgbọ́n oko tí ṣòkòtò náà ń gbé ti ń di ahoro lójú wa báyìí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ ti gba ìlú ńlá lọ. Nínú àwọn tí ó kù ni a ti rí ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rí jẹ, ọmọ tí baba rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin tí a yọ kúrò ní ilé-ìwé láìtọ́jọ́, àti aláàbọ̀ ara tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó lè dá nǹkan ṣe. Nítorí irú wọn ni ìjọba, àwọn ẹlẹ́sìn àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ṣe ń wọ abúlé, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò ṣíṣe. Iṣẹ́ rere ni, a kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa yẹ̀ wò: nígbà tí a bá kọ́ ọmọ náà tán, ta ni ó ń gbé e dúró?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọjọ́ ìgbòmìnira, èyí tí àwọn ará òde òní ń pè ní fírídọ̀ọ̀mù. Àwọn òbí ọmọ iṣẹ́ a ra obì, orógbó, ataare, oyin àti ọtí. Wọ́n a se oúnjẹ. Ọ̀gá a jókòó láàárín àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ a dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, wọn a sì wúre fún un pé iṣẹ́ tí ó kọ́ yìí ni yóò jẹ, kò ní fi ṣe àṣedànù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n a gbé ìwé ẹ̀rí tí àwòrán rẹ̀ wà lára lé e lọ́wọ́, tí ayàwòrán a sì máa yà wọ́n.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì a mọ́. Télọ̀ kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà kò ní jẹnẹrétọ̀, iná ìjọba kò sì dé abúlé rẹ̀. Owó tí ìyá rẹ̀ yá láti fi ṣe ìnáwó ni gbèsè àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ náà yóò san, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Kí ọdún tó yípo, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ti máa fi alùpùpù ẹlòmíràn ṣe ọ̀kadà, tàbí kí ó ti máa ru ẹrù ní ọjà ìlú ńlá, kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lára ògiri yàrá ìyá rẹ̀ nínú férémù. Bí a bá ti ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn tí a ti kọ́ níṣẹ́, tí a sì kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ètò náà yọrí, a jẹ́ pé ara wa ni à ń tàn. Nínú àṣà tiwa, iṣẹ́ kíkọ́ kì í parí títí ọmọ yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Bí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ láyé àtijọ́

Láyé àwọn baba ńlá wa, agboolé ni ilé-ẹ̀kọ́. Orúkọ ọmọ pàápàá a máa sọ iṣẹ́ ilé baba rẹ̀: Àyánwálé ti ilé onílù, Ọdẹ́wálé ti ilé ọdẹ, Ògúndélé ti ilé àwọn abọ̀gún àti alágbẹ̀dẹ. Ọmọ alágbẹ̀dẹ kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọmọ owú. Ẹwìrì ni yóò kọ́kọ́ máa fín. Níbi tí ó ti ń fín ẹwìrì ni yóò ti mọ àwọ̀ iná: èyí tí irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná sí, èyí tí ó ti rọ̀ dé ibi tí a lè lù ú, àti èyí tí yóò ba irin jẹ́. Kò sí ẹni tí ó jókòó kọ́ ọ ní èyí pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Ojú ni ó fi kọ́ ọ.

Bákan náà ni ní Ìsẹ́yìn, ìlú tí a mọ̀ mọ́ aṣọ òkè. Ọmọdé a kọ́kọ́ máa ká òwú fún àwọn àgbà. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, wọn a jẹ́ kí ó jókòó sídìí òfì, kí ó máa ju ọ̀kọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. Aṣọ tí ó ń hun kò fẹ̀ ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe àṣìṣe nínú òwú kan, ẹni tí ó bá rán an pọ̀ yóò rí i. Kí ó tó lè dá hun ẹtù, àlàárì tàbí sányán, ojú rẹ̀ yóò ti mọ iye òwú tí aṣọ kan ń gbà, ẹnu rẹ̀ yóò ti mọ iye tí wọ́n ń tà á, etí rẹ̀ yóò sì ti gbọ́ bí baba rẹ̀ ti ń bá oníbàárà tí kò fẹ́ san gbèsè sọ̀rọ̀.

Ẹ kíyè sí èyí. Ohun tí à ń pè ní ẹ̀kọ́ òwò ṣíṣe lóde òní, tí a ń pe olùkọ́ láti ọ̀nà jíjìn wá kọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn, inú iṣẹ́ gan-an ni ó wà láyé àtijọ́. A kò ya ọwọ́ nípa kúrò lára ọjà. Ẹni tí wọ́n ń rán lọ ra òwú ti mọ iye tí òwú wọ́n sí kí ó tó mọ aṣọ í hun. Ìwà pẹ̀lú wà nínú rẹ̀, nítorí pé ọ̀gá tí ó bá ní ọmọ iṣẹ́ olè kò ní oníbàárà mọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ òyìnbó dé, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í rí kápẹ́ńtà, bíríkìlà, télọ̀, mẹkáníìkì àti fọganáísà, àṣà yìí kò kú. Ó jáde kúrò nínú agboolé, ó bọ́ sí abẹ́ ọ̀gá tí kì í ṣe ẹbí, pẹ̀lú àdéhùn àti owó ìkọ́ṣẹ́. Ọ̀mọ̀wé Archibald Callaway, tí ó ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, kọ nípa ètò ìkọ́ṣẹ́ yìí nínú ìwé àtìgbàdégbà *Odù* ti Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1964. Ó pè é ní ètò ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ sì ni ó rí lóòótọ́: ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní ògiri, tí ìjọba kò náwó lé lórí, tí ó sì ń sọ àìmọye ọmọ di oníṣẹ́ ọwọ́.

Ohun tí àṣà fi ń gbé ọmọ dúró

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú àṣà náà kò sí nínú kíkọ́ nìkan. Bí ọmọ bá mọ iṣẹ́ tán, ohun mẹ́ta ni ó máa ń dúró dè é.

Èkíní ni ibi tí yóò tẹ́ iṣẹ́ sí. Olórí ẹbí ni ó ń pín ilẹ̀ fún un, bí ó jẹ́ oko ni o, bí ó jẹ́ ojú arọ ni o. Èkejì ni ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ṣán oko tuntun, àáró wà: àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà a pawọ́ pọ̀ ṣiṣẹ́ ní oko ọ̀kan lónìí, wọn a sì lọ sí ti èkejì ní ọjọ́ mìíràn, títí yóò fi kárí. Bí ó bá fẹ́ kọ́lé tàbí bo òrùlé, ọ̀wẹ̀ wà: yóò bẹ ará àti ọ̀rẹ́, yóò sì wá oúnjẹ tí wọn yóò jẹ.

Ẹ̀kẹta ni owó ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni èésú ti wúlò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń da èésú pọ̀ mọ́ àjọ, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà. Alájọ ń bá ènìyàn tọ́jú owó ni. Ohun tí a bá dá náà ni a óò kó, lẹ́yìn tí alájọ bá ti yọ tirẹ̀. Ti èésú kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀dọ́ mẹ́wàá bá ń dá N1,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹnì kan yóò máa kó N10,000 ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó owó ń fi owó ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣòwò láìsan èlé kọ́bọ̀, láìmú onídùúró wá, láìbẹ akọ̀wé kankan. Ohun tí ó fi ṣe ìdúró kò ju orúkọ rere rẹ̀ lọ. Ọ̀mọ̀wé N. A. Fádípẹ̀, ẹni tí ó parí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá ní 1939, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé ní 1970, kọ nípa àwọn àṣà ìrànlọ́wọ́ yìí. Orí ìrònú tí ó bá irú àṣà bẹ́ẹ̀ mu ni àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí òfin ìjọba fìdí wọn múlẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1935, fi rí ibi fìdí kalẹ̀ láàárín wa.

A kò gbọdọ̀ fi ìfẹ́ àtijọ́ bo ojú

Òótọ́ kò ní kí á má sọ ìkejì ọ̀rọ̀. Àtijọ́ kò mọ́ tónítóní. Ọmọ tí kì í ṣe ti ilé alágbẹ̀dẹ kì í rọrùn fún láti wọ ojú arọ. Ọmọ tálákà ni a sì ń fi ṣe ìwọ̀fà: baba yá owó, ọmọ ń ṣiṣẹ́ sin olówó, iṣẹ́ tí ó sì ń ṣe kì í dín gbèsè kù, èlé ni a kà á sí. A rí ọmọ tí ó dàgbà sí oko olówó láìkọ́ ohun kan fún ara rẹ̀.

Òjìji àṣà yìí kò tíì kúrò lára ìkọ́ṣẹ́ òde òní. Àwọn ọ̀gá kan wà tí ó jẹ́ pé ìwẹ̀ àwo àti omi pípọn ni ọmọ iṣẹ́ ń fi ọdún àkọ́kọ́ ṣe nílé wọn. Àwọn mìíràn ń fi kókó iṣẹ́ pamọ́, kí ọmọ má baà tètè mọ̀ ọ́n kí ó sì lọ. Ọmọ olówó ní baba tí yóò wá bá ọ̀gá wíjọ́. Ọmọ aláìní kò ní ẹni tí yóò gbẹnu sọ fún un. Nítorí náà, bí a bá ń pe àṣà padà, ẹ jẹ́ kí a fẹ́ ìyàngbò dànù kí a tó kó ọkà sí àká.

Ohun tí a ti dán wò

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́fà ni, nítorí náà ní òpin 1960, ọ̀pọ̀ yanturu ọmọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n mọ ìwé, wọn kò sì níṣẹ́. Ìjọba ti rí i tẹ́lẹ̀. Láti 1959, nígbà tí Olóyè Akin Deko wà ní ipò mínísítà ètò ọ̀gbìn, ni wọ́n ti ń gbèrò ibùdó àwọn àgbẹ̀, tí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ jọ ti ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Wọ́n tẹ irú ibùdó bẹ́ẹ̀ dó sí Ìlọrà, Akùfọ̀, Ìkẹ́nnẹ́, Ẹ̀sà-Òkè àti ibòmíràn. Wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n sì fún wọn ní ilẹ̀, ilé àti owó yíyá.

Èrò náà jinlẹ̀, nítorí pé ó ro ìdásílẹ̀ mọ́ kíkọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà fi ibùdó sílẹ̀. Owó tí ìjọba ń ná lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan pọ̀ jù, gbèsè wúwo lórí ọmọ tí kò tíì rí èrè, igi eléso tí wọ́n gbìn ní ibòmíràn kò sì lè so kí ọdún mélòó kan tó kọjá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwùjọ tí wọ́n kó wọn sí jẹ́ èyí tí ìwé ìjọba dá sílẹ̀. Kì í ṣe èyí tí ẹbí, ẹgbẹ́ àti àáró so pọ̀. Ọmọ tí ó ní ìwé ẹ̀rí láìní irin iṣẹ́ kò lè dúró, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ní irin iṣẹ́ láìní ènìyàn kò lè pẹ́.

Ní 1986, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tí ń rí sí ìgbanisíṣẹ́ sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí NDE. Ọgbọ́n wà nínú ọ̀nà tí ó gbà: kò kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò ni ó ń fi àwọn ọ̀dọ́ sí. Fún àwọn abúlé tí kò ní ọ̀gá tó, ó ń fi ọkọ̀ kó irin iṣẹ́ àti olùkọ́ lọ bá wọn. Àìmọye ló ti ti ibẹ̀ kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó rí irin iṣẹ́ àti owó ìbẹ̀rẹ̀ gbà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kéré púpọ̀ sí àwọn tí ó kọ́ṣẹ́. Níbẹ̀ ni okùn ti ń já.

Àpẹẹrẹ méjì tí ó yẹ fún àfiyèsí

Ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Fáàdá Godfrey Nzamujo, àlùfáà ìjọ Àgùdà tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, dá ibùdó Songhai sílẹ̀ ní 1985. Olùkọ́ ni ní yunifásítì ní Kalifóníà kí ó tó padà sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ilẹ̀ tí ìjọba fún un kò ju hẹ́kítà kan lọ, àbàtà sì ni. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ bí a ti ń so iṣẹ́ mọ́ iṣẹ́: ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná àti ajílẹ̀, ìdin tí a sìn ń di oúnjẹ ẹja, ẹ̀rọ tí wọn yóò lò sì ń jáde láti ibi àgbẹ̀dẹ ibùdó náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ó wù wá jù ni pé ẹni tí ó bá kẹ́kọ̀ọ́ jáde tí ó sì dá oko tirẹ̀ sílẹ̀ kò di àjèjì sí ibùdó. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tí ó ti ibẹ̀ jáde, tí wọ́n ń gbọ́ ohùn ara wọn.

Àpẹẹrẹ kejì jẹ́ ti obìnrin. Olóyè Níkẹ̀ẹ́ Òkúndayé ni a bí ní 1951 ní Ògìdì, ní ilẹ̀ Ìjùmú, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí lónìí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ẹbí rẹ̀ ni ó ti mọ iṣẹ́ aṣọ, kí ó tó di ẹni tí ayé mọ̀ nípa àdìrẹ àti bàtíìkì. Ní 1983, ó dá ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ogún ọmọbìnrin tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ó sì ń kọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, ó padà sí Ògìdì láti fi ìdí iṣẹ́ aṣọ múlẹ̀ fún àwọn obìnrin ibẹ̀. Ọmọ aláìníyàá láti abúlé ni ó di ìyá iṣẹ́ fún àwọn ọmọ ẹlòmíràn yìí.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Lójú tiwa, ètò tí ó bá fẹ́ gbé ọ̀dọ́ abúlé dìde ní láti kọ́kọ́ bi abúlé léèrè ohun tí ó ń fẹ́. Abúlé tí ó ti ní télọ̀ mẹ́fà kò fẹ́ ìkeje. Ó lè jẹ́ ẹni tí yóò máa tún ẹ̀rọ gàrí ṣe ni wọ́n ń wá, tàbí ẹni tí ó mọ alùpùpù, ẹ̀rọ omi, tàbí iná tí ń fi agbára oòrùn ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ gàrí bá bàjẹ́ ní ọjọ́ tí ó ku ọ̀la kí ọjà ó ná, ẹni tí ó bá lè tún un ṣe kì í wá oníbàárà kiri.

Ìkejì, ẹ jẹ́ kí àdéhùn wà ní kíkọ, kí baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ẹlẹ́rìí. Kí ó sọ ọdún tí ọmọ yóò lò, ohun tí a óò kọ́ ọ ní ọdún kọ̀ọ̀kan, àti pé iṣẹ́ ilé ọ̀gá kì í ṣe iṣẹ́ tí ó wá kọ́. Ọmọ aláìní ni àdéhùn yìí yóò ṣe láǹfààní jù.

Ìkẹta, kí èésú bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣáájú ìgbòmìnira, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí ìnáwó ọjọ́ náà dínkù, kí a sì sọ ohun tí a bá fi pamọ́ di irin iṣẹ́. Obì, omi àti àdúrà tó fún ìwúre. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ọmọ náà yọ̀, kí ó gbé òòlù, sísọ́ọ̀sì tàbí sípánà wá dípò aṣọ ẹgbẹ́. Bí agbára ẹnì kan kò bá ká ẹ̀rọ, kí ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta jọ ra ẹyọ kan gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ṣe àáró.

Ìkẹrin, kí a má kúrò lẹ́yìn ọmọ náà títí ọdún méjì yóò fi kọjá. Kí ọ̀gá rẹ̀ máa bẹ̀ ẹ́ wò, kí ó máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, kí ẹnì kan sì máa bá a yẹ ìwé ìṣirò owó rẹ̀ wò ní èdè tí ó gbọ́. Ọdún méjì yìí ni a ó fi mọ̀ bóyá ètò yọrí, kì í ṣe iye àwòrán tí a yà lọ́jọ́ ìgbòmìnira.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi iṣẹ́ ọwọ́ halẹ̀ mọ́ ọmọ tí kò yege ìdánwò. Ẹni tí a bá sọ fún pé iṣẹ́ òmùgọ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́, báwo ni yóò ṣe fi ọkàn kọ́ ọ? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ lè jókòó ti ẹlẹgbẹ́ yín kan nígbà ìsinmi, kí ẹ kọ́ ọ bí a ti ń kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ni ilẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ibùsọ̀ kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà, tí ẹbí yọ̀ǹda fún ọmọ aláìníbàbá láti tẹ́ irin iṣẹ́ rẹ̀ sí, lè dá a dúró sí abúlé ju ọ̀rọ̀ ìyànjú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ọmọ tí a kọ́ níṣẹ́, tí a kò fún ní ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀, àgbàrá ni yóò gbé e lọ; bí ó bá sì lọ, abúlé ni yóò ṣófo. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa já sí asán.